Ìyàn Kan Tàbí Ọ̀pọ̀ Ìyàn: Òwò Dráfútì Nínú Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà

Bọ́ọ̀lù ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lónìí, àmọ́ kì í ṣe èyí tí a ń fẹsẹ̀ gbá. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ni, èyí tí wọ́n ń dé akoto gbá, tí ẹnì kan ń jù, tí ẹlòmíràn ń gbà á mọ́ àyà tí ó sì ń sáré lọ. Ẹni tó bá ní ẹbí ní Houston tàbí ní Maryland mọ̀ pé eré náà kì í ṣe àjèjì mọ́ nínú ilé Yorùbá. Ohun tó gbé mi dé orí afẹ́fẹ́ lónìí ni òwò kan tí àwọn ẹgbẹ́ ibẹ̀ ń ṣe lọ́dọọdún, tí mo sì gbà pé púpọ̀ nínú wọn ń ṣe lódìlódì: wọ́n ń ta ọjọ́ iwájú wọn nítorí ọmọ kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ètò náà ṣe ń lọ. Bí ẹgbẹ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá fẹ́ agbábọ́ọ̀lù, owó ni wọn yóò kó kalẹ̀, ẹni tó bá lówó jù ni yóò mú un lọ. Nínú líìgì NFL ti Amẹ́ríkà, kò rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń ti yunifásítì bọ̀. Lópin oṣù kẹrin, ẹgbẹ́ 32 yóò kóra jọ, wọn yóò sì máa yan àwọn ọ̀dọ́ náà ní ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èyí ni wọ́n ń pè ní dráfútì. Ẹgbẹ́ tó ṣẹ́yìn jùlọ ní sáà tó kọjá ni yóò kọ́kọ́ yan, ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ Super Bowl yóò sì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ìpele méje ni. Bert Bell, tó jẹ́ olówó ẹgbẹ́ Philadelphia Eagles, ló dá àbá náà ní 1935, nítorí pé àwọn ẹgbẹ́ tó rí já jẹ ń kó gbogbo ọmọ tó mọṣẹ́ lọ, àwọn tó kù ń fara da ìyà. Ní 1936 ni wọ́n ṣe àkọ́kọ́. Jay Berwanger ni orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ pè, ọ̀gbẹ́ni náà kò sì gbá bọ́ọ̀lù NFL lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo títí ó fi kú. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní ni ìyàn kìn-ín-ní ti ń já ènìyàn kulẹ̀.

Àyè láti yan ọmọ, ohun ìní ni. Ẹgbẹ́ lè tà á, ó lè fi ṣe pàṣípààrọ̀, ó sì lè fi ti ọdún tó ń bọ̀ àti ti ọdún tó tẹ̀ lé e kún un. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pín sí méjì. Àwọn kan yóò rí ọmọ kan tí ojú wọn kò lè kúrò lára rẹ̀, wọn yóò kó ìyàn mẹ́ta mẹ́rin sílẹ̀ kí wọ́n lè gòkè lọ mú un. Àwọn mìíràn yóò sọ̀kalẹ̀ fún ẹni tí ara ń ta, wọn yóò gba ìyàn púpọ̀ dípò ẹyọ kan, wọn yóò máa kó o jọ. Lọ́dọ̀ tèmi, àwọn tó ń kó jọ ló mọ̀ ọ́n ṣe. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ní àlàyé, n óò sì dé ibẹ̀.

Níbo ni wọ́n ti ń mọ iye tí ìyàn kan tó? Ní 1991, Mike McCoy, onímọ̀ ẹ̀rọ tó wà nínú òwò epo rọ̀bì, tó sì ní ìpín nínú ẹgbẹ́ Dallas Cowboys, ṣe tábìlì kan fún akọ́nimọ̀ọ́gbá Jimmy Johnson. Ó fún ìyàn kìn-ín-ní ní máàkì 3,000, ìkẹwàá ní 1,300, ìkejìlélọ́gbọ̀n ní 590. Tábìlì yìí tàn kálẹ̀ débi pé gbogbo líìgì ló ń fi dúnàá-dúrà. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí McCoy ṣe rí iye wọ̀nyí: àwọn pàṣípààrọ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ ti ṣe sẹ́yìn ló kó jọ tó fi ṣírò. Ohun tí ọjà ń san ló wọ̀n. Kò wọn bí àwọn ọmọ náà ṣe wúlò tó nígbà tí wọ́n dé orí pápá. Bí ọjà bá ti ń ṣì í san láti ìbẹ̀rẹ̀, tábìlì náà kàn sọ àṣìṣe náà di òfin ni.

Ọ̀jọ̀gbọ́n méjì, Cade Massey àti Richard Thaler, bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí èyí, wọ́n sì gbé iṣẹ́ wọn jáde ní 2005. Thaler yìí ni ẹni tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní 2017. Wọ́n bi ara wọn ní ìbéèrè kan tó rọrùn. Bí wọ́n bá yan ọmọ méjì tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà lórí pápá, tí ẹnì kan ṣíwájú tí ẹnì kejì sì tẹ̀ lé e, ìgbà mélòó ni ti iwájú ń ṣe dáadáa ju ti ẹ̀yìn lọ? Ìdáhùn tí wọ́n rí ni 52 nínú 100. Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá ju kọ́bọ̀ sókè, 50 ni. Gbogbo àwọn tó ń rìn káàkiri yunifásítì láti wo ọmọ, gbogbo fídíò tí wọ́n ń wò mọ́jú, gbogbo ìdánwò eré sísá àti fífò, méjì péré ló fi lé sí ohun tí kọ́bọ̀ yóò sọ fún yín.

Wọ́n tún wo ohun tí ẹgbẹ́ ń san bí ó bá yá ìyàn ọdún yìí, tó sì fi ti ọdún tó ń bọ̀ dúró. Àṣà wọn ni pé ẹni tó bá fẹ́ ìyàn ìpele kejì lónìí yóò fi ìyàn ìpele kìn-ín-ní lọ́la san án. Nígbà tí Massey àti Thaler ṣírò èlé orí rẹ̀, 136 nínú 100 ni lọ́dún kan. Gbogbo wa la mọ àwọn ayánilówó tí wọ́n ń pè ní sogúndogójì, a sì mọ ohun tí ojú ẹni tó bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ń rí. Àwọn yẹn tiẹ̀ fi í mọ sí ìlọ́po méjì. Èyí ju ti sogúndogójì lọ, àwọn ọkùnrin tó wọ kóòtù tó sì ní bílíọ̀nù dọ́là lọ́wọ́ ló sì ń fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ yá a.

Ìtàn tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yé mi jùlọ ni ti Washington. Ní 2012, ọmọ kan wà tó ń jẹ́ Robert Griffin, láti yunifásítì Baylor, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Heisman, àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù yunifásítì tó tayọ jùlọ. Kọ́tábákì ni, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, tó sì ń darí ẹgbẹ́ lórí pápá. Ó ń sáré bí ẹní ń fò, ó sì ń jù ú jìnnà. Washington ló ni ìyàn kẹfà. Kí wọ́n lè gòkè sí ìkejì, wọ́n fún St. Louis Rams ní ìyàn kẹfà náà, ìyàn ìpele kejì ti ọdún yẹn, pẹ̀lú ìyàn ìpele kìn-ín-ní ti 2013 àti ti 2014. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n kó lé ọmọ kan lórí. Ó sì kọ́kọ́ dà bí ẹni pé wọ́n jàre. Ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀, Griffin gba àmì ẹ̀yẹ ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù tó tayọ jùlọ níbi ìkọlù, Washington sì gba ipò kìn-ín-ní ní agbègbè wọn, èyí tí wọn kò rí gbà láti 1999.

Ní oṣù kìn-ín-ní 2013, Seattle wá bá wọn gbá nínú ìdíje ìyọkúrò tó tẹ̀ lé sáà. Orúnkún Griffin ti ń dùn ún tẹ́lẹ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀ lórí pápá títí orúnkún náà fi yẹ̀ mọ́ ọn lábẹ́. Kò padà di ẹni tó jẹ́ tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹ wo ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún Seattle lọ́jọ́ náà: Russell Wilson, ọmọ dráfútì ọdún kan náà, ẹni 75 tí wọ́n pè. Ẹ tún wo inú ilé Washington fúnra wọn. Nínú dráfútì tí wọ́n ti tìtorí Griffin ná gbogbo ohun ìní, wọ́n yan kọ́tábákì mìíràn ní ìpele kẹrin, Kirk Cousins, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tiẹ̀ fiyè sí. Cousins yìí ló wá gba ipò mọ́ Griffin lọ́wọ́ ní 2015, òun ló sì mú wọn gba ipò kìn-ín-ní agbègbè wọn lọ́dún yẹn.

Nígbà tí Griffin ṣubú, ẹgbẹ́ náà ṣubú tẹ̀ lé e. Ní sáà 2013, ìdíje mẹ́ta péré ni wọ́n yege nínú 16. Nítorí náà, ìyàn ìpele kìn-ín-ní ti 2014 tí wọ́n ti tà di ìyàn kejì ní gbogbo dráfútì. Ìyàn kejì ni wọ́n lọ rà ní 2012. Ìyàn kejì mìíràn wà lára owó tí wọ́n san, àti àwọn tó kù lórí rẹ̀. Àwọn àgbà wa ti wí pé àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Ọjọ́ tí wọ́n ru igbá náà hàn fún gbogbo ayé ni 7 oṣù Kejìlá 2014. Washington àti Rams pàdé ní pápá Washington fúnra wọn. Kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, balógun ẹgbẹ́ méjèèjì máa ń jáde sí àárín pápá láti ju owó ẹyọ, kí wọ́n mọ ẹni tí yóò gba bọ́ọ̀lù. Akọ́nimọ̀ọ́gbá Rams, Jeff Fisher, rán ọkùnrin mẹ́fà jáde. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kì í ṣe èso ìyàn tí Rams gbà lórí pàṣípààrọ̀ Griffin. Michael Brockers wà níbẹ̀, Janoris Jenkins wà níbẹ̀, Alec Ogletree àti Greg Robinson náà sì wà níbẹ̀. Griffin fúnra rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ ìdíje ọjọ́ náà. Wọ́n ti fi ẹlòmíràn sípò rẹ̀. Rams na Washington ní 24 sí òdo.

Bí mo bá dúró síbẹ̀, ẹ ó pàtẹ́wọ́ fún mi, àmọ́ n kò ní sọ òtítọ́ tán. Àwọn Rams tó kó gbogbo ìyàn wọ̀nyẹn jọ, láti 2012 títí dé 2016, kò sí sáà kan tí iye tí wọ́n yege fi ju iye tí wọ́n pàdánù lọ. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ ọmọ tó dáa ní ẹ̀yìn, wọn kò ní kọ́tábákì. Ti Cleveland tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2016, wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n tún sọ̀kalẹ̀, wọ́n sì yan ọmọ 14 nínú dráfútì kan. Ìdíje kan ṣoṣo ni wọ́n yege nínú 16 lọ́dún náà. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọn kò yege nínú ìkankan, òdo nínú 16. Láàárín ọdún méjèèjì yẹn, wọ́n ní àǹfààní láti mú Carson Wentz, wọ́n tà á fún Philadelphia. Wọ́n ní àǹfààní láti mú Deshaun Watson, wọ́n tà á fún Houston. Ẹni tó ń kó ìyàn jọ tí kò sì mọ ọmọ yàn, ìwé lásán ló ń kó jọ.

Ṣé kí ẹnikẹ́ni má gòkè mọ́ nìyẹn? Rárá o. Kansas City gòkè ní 2017, ayé sì ń jẹ́rìí rẹ̀ títí di òní. Wọ́n kúrò ní ìyàn 27, wọ́n bọ́ sí ìkẹwàá, Patrick Mahomes ni wọ́n mú. Ohun tí wọ́n fi kún 27 náà ni ìyàn ìpele kẹta kan àti ìyàn ìpele kìn-ín-ní ti ọdún kejì. Mahomes ti gba Super Bowl mẹ́ta fún wọn, ní 2020, 2023 àti 2024.

Ẹ fi èyí wé ti Washington, ẹ ó rí ìyàtọ̀. Kansas City kò gòkè nítorí pé ilé ń jó. Ìdíje 12 ni wọ́n yege nínú 16 ní sáà tó ṣáájú. Alex Smith ni kọ́tábákì wọn, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀, nítorí náà Mahomes jókòó tì í fún odindi sáà kan, ìdíje tó kẹ́yìn nìkan ni wọ́n jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì jù tí ọ̀pọ̀ àwọn asọ̀rọ̀ eré ìdárayá kì í sọ ni pé, ẹgbẹ́ tó ti dára, ìyàn rẹ̀ ní ọdún tó ń bọ̀ kò níye lórí púpọ̀, nítorí ìsàlẹ̀ ni yóò bọ́ sí. Ìyàn ọdún kejì tí Kansas City fi sílẹ̀, ìkejìlélógún ló jẹ́. Ẹgbẹ́ tí kò dára ló ń fi góòlù sílẹ̀ nígbà tó bá ta ọdún tó ń bọ̀. Carolina ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2023. Wọ́n gòkè sí ìyàn kìn-ín-ní láti mú Bryce Young, wọ́n fún Chicago ní ìyàn kẹsàn-án, ti ìpele kejì, agbábọ́ọ̀lù wọn tó dáńtọ́, DJ Moore, àti ìyàn ìpele kìn-ín-ní ti 2024, wọ́n tún fi ìpele kejì ti 2025 lé e. Wọ́n yege nínú ìdíje méjì péré nínú 17. Ìyàn 2024 tí wọ́n ti tà di ìyàn kìn-ín-ní gbogbo dráfútì, Chicago sì fi mú Caleb Williams. C.J. Stroud tí Houston mú ní ipò kejì, lẹ́yìn Young gan-an, ló gba àmì ẹ̀yẹ ọ̀dọ́ tó tayọ níbi ìkọlù lọ́dún náà. Ẹ rántí 52 nínú 100.

Ilé tó dúró dáadáa pàápàá lè ṣì í ná. San Francisco kó ìyàn ìpele kìn-ín-ní mẹ́ta àti ìpele kẹta kan fún Miami ní 2021 láti gòkè mú Trey Lance ní ipò kẹta. Ìdíje mẹ́rin péré ni Lance bẹ̀rẹ̀ fún wọn kí wọ́n tó fi í fún Dallas, ìyàn ìpele kẹrin kan ni wọ́n rí gbà lórí rẹ̀. Ẹni tó wá gbé San Francisco dé Super Bowl ni Brock Purdy, ẹni 262 tí wọ́n pè ní dráfútì 2022. Kò sí ẹnì kankan lẹ́yìn rẹ̀. Òun ni wọ́n yàn kẹ́yìn pátápátá. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ló ń mú babaláwo dífá ọrọọrún. Àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ NFL kò ní Ifá lọ́wọ́, wọ́n sì ń náwó bí ẹni tí Ifá ti bá sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, ohun tí mo gbà gbọ́ rèé. Kó jọ ní ìgbà gbogbo, kí o lè gòkè díẹ̀ nígbà tó bá yẹ. Dallas fi èyí hàn kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn rẹ̀. Ní 12 oṣù Kẹwàá 1989, wọ́n ta agbábọ́ọ̀lù wọn, Herschel Walker, fún Minnesota, wọ́n sì gba òkìtì ìyàn. Ìdíje kan ni wọ́n yege nínú 16 lọ́dún yẹn. Ọ̀kan nínú ìyàn Minnesota bọ́ sí ipò 21 ní 1990. Dallas fi ìpele kẹta kan kún un, wọ́n gòkè sí 17, wọ́n mú Emmitt Smith, ẹni tó padà di ẹni tó sáré gbé bọ́ọ̀lù jìnnà jùlọ nínú ìtàn NFL. Ìgòkè ni, àmọ́ ìṣísẹ̀ mẹ́rin péré ni, ohun tó pọ̀ lọ́wọ́ wọn ni wọ́n sì fi ṣe é. Wọ́n gba Super Bowl mẹ́ta láàárín ọdún mẹ́rin. Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn tí wọ́n mú Smith, Mike Ditka, akọ́nimọ̀ọ́gbá New Orleans, fi gbogbo ìyàn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1999, pẹ̀lú méjì ti 2000, ra ọmọ kan ṣoṣo, Ricky Williams. Wọ́n yege nínú mẹ́ta, wọ́n pàdánù 13, wọ́n sì lé Ditka lọ.

Mo fẹ́ mẹ́nu ba àwọn ọmọ tó ń jẹ́ orúkọ wa. Ní 2024, New York Jets ló ni ìyàn kẹwàá. Minnesota tó wà ní ìkọkànlá fẹ́ kọ́tábákì J.J. McCarthy lójú méjèèjì, wọ́n sì bẹ̀rù kí ẹlòmíràn má gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Jets gbà fún wọn, wọ́n sọ̀kalẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kan, wọ́n gba ìyàn 129 àti 157, wọ́n sì fi 203 sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n mú ní ìkọkànlá ni Olumuyiwa Fashanu láti Penn State. McCarthy fara pa ní orúnkún kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, kò gbá rárá lọ́dún náà. Foyesade Oluokun ńkọ́? Yunifásítì Yale ló ti wá, níbi tí àwọn tó ń wá agbábọ́ọ̀lù kì í sábà dé. Ẹni 200 ni Atlanta pè é ní 2018. Ní 2021 àti 2022, kò sí ẹni tó mú alátakò balẹ̀ tó o ní gbogbo NFL. Adewale Ogunleye, wọn kò tiẹ̀ pe orúkọ rẹ̀ rárá ní 2000, nítorí orúnkún. Ní 2003, òun ló mú kọ́tábákì balẹ̀ jùlọ ní AFC, ọ̀kan nínú apá méjì tí NFL pín sí, ìgbà 15.

Ẹ̀yin òbí tó ń gbọ́ wa láti òkè òkun, tí ọmọ yín wà nínú eré yìí, ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ bá yín sọ. Bí alẹ́ àkọ́kọ́ dráfútì bá kọjá tí wọn kò pe orúkọ ọmọ yín, ẹ má jẹ́ kí ó fi ẹkún sùn, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ipò tí wọ́n ti pè é wọn iye rẹ̀. Àwọn tó ń yàn, wọn kò mọ̀ tó bí wọ́n ṣe ń sọ. Ẹ jẹ́ kí ó dìde láàárọ̀ ọ̀la, kí ó lọ ṣe ìgbáradì rẹ̀.